Ojú Irin Tó Bí Ìlú: Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Reluwé Hankyu ní Ilẹ̀ Jàpáànù

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn Hankyu, ilé-iṣẹ́ reluwé aládàáni kan ní ilẹ̀ Jàpáànù, láti ìgbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1907 títí di ìgbà tí òun àti abánidíje rẹ̀ àtijọ́ fi di ọ̀kan ní ọdún 2006. Ìbéèrè tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni bí reluwé tí kò ní èrò púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ṣe di ilé-iṣẹ́ ńlá. Àyẹ̀wò fi hàn pé owó ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà gbójú lé. Ilé, eré àti ọjà ni ó fi pe èrò wá sí ẹ̀bá ojú irin rẹ̀. Ó tún hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń yìn lónìí gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ni ó jẹ́ àtúnṣe sí àṣìṣe, àti pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó jẹ nínú àǹfààní rẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìjọba ni ó ń náwó lé reluwé tí ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tí ó sì ń gbé wọn padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí ni pé owó tí èrò ń san kì í sábà tó èyí tí a fi ń tún ojú irin ṣe, tí a fi ń ra iná mànàmáná, tí a sì fi ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, ọ̀nà mìíràn tún wà. Yàtọ̀ sí reluwé ìjọba, tí a pín sí ọ̀nà púpọ̀ tí a sì sọ di ilé-iṣẹ́ onípìn-ín ní ọdún 1987, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ń gbé èrò ní àyíká àwọn ìlú ńlá ibẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Hankyu jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ojú irin rẹ̀ so Osaka, Kobe àti Kyoto pọ̀, gígùn gbogbo rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní kìlómítà 140. Ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè kì í ṣì í mú, nítorí pé àwọ̀ pupa tó ṣókùnkùn bí obì ni ó ń kùn wọ́n láti ayébáyé.

Àwọn tí ó ń sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣoṣo, Kobayashi Ichizo, ni ó ti ro gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí àní-àní pé ọlọ́gbọ́n ni ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí ó fara hàn yàtọ̀ díẹ̀. Òfin ìjọba, èéfín ìlú Osaka, ìrànlọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kan àti ìkùnà lóríṣiríṣi ni ó jọ bí ohun tí a ń pè ní ọgbọ́n Kobayashi.

Ìdásílẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Náà

Ní ọdún 1906, ìjọba Jàpáànù ṣe òfin tí ó fi gba àwọn reluwé ńláńlá tí ó wà lọ́wọ́ àwọn aládàáni. Ilé-iṣẹ́ 17 ni ìjọba rà lábẹ́ òfin yìí. Ogun tí Jàpáànù bá Rọ́ṣíà jà ní ọdún 1904 sí 1905 ti jẹ́ kí àwọn aláṣẹ rí i pé ó yẹ kí àwọn ojú irin gígùn tí ń kó ọmọ ogun àti ẹrù láti agbègbè kan dé òmíràn wà lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn ọ̀nà kúkúrú tí ọkọ̀ oníná mànàmáná ń rìn ní àyíká ìlú kan tàbí méjì kò sí lára ohun tí òfin náà ń lépa. Àlàfo tí ó ṣẹ́ kù fún aládàáni nìyẹn.

Hankaku wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba gbà ní ọdún 1907. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ni ín ti ń pète láti dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, tí yóò máa wa ọkọ̀ oníná mànàmáná láti Umeda ní Osaka lọ sí Minoo, Takarazuka àti Arima. Minoo ni ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, tí àwọn ènìyàn ń lọ wo ewé igi tó ń pọ́n ní ìgbà ìwọ́wé. Takarazuka àti Arima sì jẹ́ ibi ìsun omi gbígbóná tí àwọn ènìyàn ń lọ wẹ̀. Ibi ìgbafẹ́ ni gbogbo wọn. Kò sí ìlú ńlá kankan ní òpin ọ̀nà náà. Èyí yàtọ̀ gédégédé sí ti ilé-iṣẹ́ Hanshin, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Osaka àti Kobe ní ọdún 1905, tí ó sì ní ìlú ńlá ní orí àti ìdí ọ̀nà rẹ̀.

Àsìkò yìí ni Kobayashi yọjú. A bí i ní Nirasaki ní agbègbè Yamanashi, ní ọjọ́ kẹta, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1873. Orúkọ rẹ̀, Ichizo, tí a fi àmì oókan àti ẹẹ́ta kọ, wá láti inú ọjọ́ ìbí rẹ̀, bí orúkọ Abíọ́dún tàbí Bọ́sẹ̀dé ṣe ń sọ ìgbà tí a bí ọmọ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ó kàwé jáde ní Keio Gijuku ní Tokyo ní ọdún 1892, ó sì wọ iṣẹ́ báńkì Mitsui ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1907, ó fi báńkì sílẹ̀ láti wá ṣe alákòóso ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ní Osaka. Ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún náà gan-an, ilé-iṣẹ́ tí ó torí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò sì wáyé mọ́. Ẹni tí ó wá di gbajúmọ̀ oníṣòwò yìí wà láìníṣẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ.

Ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀ ajé yìí kan náà ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn ra ìpín-ìdókòwò reluwé tuntun náà. Nǹkan bí ìdajì ìpín náà ni kò rí olùrà, àwọn olùdásílẹ̀ sì ti ń ronú láti tú ilé-iṣẹ́ náà ká kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kobayashi tọ Iwashita Seishu, olórí báńkì Kitahama, lọ. Iwashita gbà láti ràn án lọ́wọ́, Kobayashi sì ṣe àdéhùn pé bí iṣẹ́ náà bá dàrú, òun ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1907 ni a dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Minoo Arima Denki Kido. Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, ọdún 1910, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Umeda lọ sí Takarazuka, àti láti Ishibashi lọ sí Minoo. Arima tí ó wà nínú orúkọ náà kò rí ọkọ̀ yìí rí. Òkè tí ó wà láàárín àti owó tí ọ̀nà náà yóò gbà kò jẹ́ kí ojú irin dé ibẹ̀.

Ilé Kíkọ́ sí Ẹ̀bá Ojú Irin

Ìtàn sọ pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Kobayashi fi ẹsẹ̀ rìn ní ọ̀nà tí ojú irin náà yóò gbà. Ohun tí ó rí ni oko ìrẹsì, igbó àti abúlé. Lójú ẹlòmíràn, èyí jẹ́ ìdí tí ó fi yẹ kí a pa iṣẹ́ náà tì. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ tí ó wọ́n ní ìlú kò wọ́n níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá ra ilẹ̀ náà kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èrè orí ilẹ̀ lè dí àlàfo owó ọkọ̀, àwọn tí ó bá sì ra ilé níbẹ̀ ni yóò di èrò lójoojúmọ́.

Ipò tí Osaka wà nígbà náà ran ìrònú yìí lọ́wọ́. Ìlú ìhunṣọ ni Osaka, àwọn ènìyàn a sì máa fi í wé Manchester ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òwú àti èéfín tí ó bo ojú ọ̀run rẹ̀. Lẹ́yìn ìwé pélébé kan tí ó fi ìbéèrè àti ìdáhùn ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1908, ilé-iṣẹ́ náà tún tẹ òmíràn ní ọdún 1909. Èyí kọ́ àwọn ará Osaka bí a ṣe ń yan ilẹ̀ àti irú ilé tí ó yẹ kí ènìyàn máa gbé. Ó bá wọn kẹ́dùn pé wọ́n ń gbé lábẹ́ èéfín, ó sì ṣàpèjúwe ilé tí ó ní ọgbà àti afẹ́fẹ́ tútù lẹ́yìn odi ìlú.

Ní ọdún 1910 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé ní Muromachi, ní Ikeda. Ilé náà tó nǹkan bí 200, ilẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí 330 mítà níbùú lóròó. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà tà á. Olùrà yóò san nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ṣáájú, yóò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn olówó ní Jàpáànù ìgbà náà ni wọ́n ń kọ́lé. Àwọn akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ báńkì ń háyà ni. Èto sísan díẹ̀díẹ̀ yìí sọ ẹni tí ó ní owó oṣù ṣùgbọ́n tí kò ní ọrọ̀ ìdílé di onílé. Ó tún so ó mọ́ reluwé náà, nítorí pé bí kò bá wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, kò ní rí owó ilé san.

Takarazuka: Láti Odò Ìlúwẹ̀ẹ́ dé Orí Ìtàgé

Ilé títà nìkan kò tó. Òṣìṣẹ́ ń wọ ọkọ̀ lọ sí Osaka ní òwúrọ̀, ó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó kún lọ ń ṣófo bọ̀, kò sì sí èrò tó ní ọjọ́ ìsinmi. Ilé-iṣẹ́ náà nílò ohun tí yóò mú kí àwọn ará Osaka wọ ọkọ̀ jáde kúrò ní ìlú.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni ọgbà ẹranko tí wọ́n ṣí sí Minoo ní ọdún 1910. Kò tọ́jọ́, ní ọdún 1916 ni wọ́n tì í. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1911, wọ́n ṣí ilé ìwẹ̀ ńlá olómi gbígbóná sí Takarazuka, èyí sì fa èrò. Ní ọdún 1912, wọ́n fi ilé mìíràn tí wọ́n pè ní Paradise kún un, tí odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Odò yìí kùnà. Omi rẹ̀ tutù jù nítorí pé oòrùn kò wọ inú ilé náà, àwọn aláṣẹ kò sì gba ọkùnrin àti obìnrin láyè láti jọ lúwẹ̀ẹ́ pọ̀. Wọ́n fi pákó bo odò náà, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìjókòó òǹwòran, apá kan rẹ̀ sì di orí ìtàgé.

Báyìí ni ó ṣe di dandan kí wọ́n wá ohun tí yóò kún orí ìtàgé náà. Ní ìgbà náà, ilé ìtajà Mitsukoshi ní ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọdékùnrin tí ó gbajúmọ̀. Kobayashi wò ó, ó sì yàn láti lo ọmọbìnrin. Ní ọdún 1913, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin jọ fún ẹgbẹ́ akọrin Takarazuka. Àwọn 16 ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹrin, ọdún 1914, wọ́n ṣe eré àkọ́kọ́ wọn. Donburako, eré olórin tí a mú láti inú àlọ́ Momotaro, ọmọ tí ó jáde láti inú èso, wà lára ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá ti sanwó ilé ìwẹ̀ kò tún sanwó eré.

Ohun tí a fi dí ihò odò tó kùnà wá borí ilé ìwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1919 wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ fún àwọn òṣèré náà. Ní ọdún 1924 wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tí ó lè gba nǹkan bí 4,000 òǹwòran. Ní ọdún 1927, eré Mon Paris mú ijó àti ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ Faransé wọ orí ìtàgé náà, ní ọdún 1934 sì ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tiwọn ní Tokyo. Obìnrin nìkan ni ó ń ṣeré níbẹ̀ títí di òní. Àwọn kan nínú wọn ni ó ń ṣe bí ọkùnrin, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lọ sílé ọkọ gbọ́dọ̀ fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Láti inú ẹ̀ka eré yìí ni Toho, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá tí ó tóbi jùlọ ní Jàpáànù, ti ṣẹ̀ wá.

Ọ̀nà Kobe àti Ìdíje pẹ̀lú Hanshin

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àti eré mú èrò wá, Kobayashi mọ̀ pé ọ̀nà tí kò dé ìlú ńlá kò lè dàgbà kọjá ibì kan. Ní ọdún 1914, báńkì Kitahama tí ó ń gbè é lẹ́yìn wó, Iwashita sì bọ́ sínú wàhálà. Ó di dandan kí ilé-iṣẹ́ reluwé náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti la ojú irin lọ sí ìhà Kobe wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Nada Junkan. Minoo Arima gba ẹ̀tọ́ náà, lẹ́yìn àríyànjiyàn pẹ̀lú Hanshin tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn dé Kobe. Ní ọdún 1918, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Hanshin Kyuko Dentetsu, èyí tí àwọn ènìyàn gé kúrú sí Hankyu.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Keje, ọdún 1920, ọ̀nà Kobe ṣí. Hanshin ń gba etíkun, ó sì ń dúró ní abúlé kan dé èkejì. Hankyu gba ẹ̀bá òkè níbi tí ilé kò pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì tọ́, nítorí náà ọkọ̀ rẹ̀ lè sáré. Nígbà tí àìní èrò ti di òtítọ́ tí kò ṣeé fi pamọ́, ìpolówó tí wọ́n fi síta fi í ṣe ẹwà: ó ní ọkọ̀ náà mọ́, ó yá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù, àyè sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó. Ìrìn tí ó gba ìṣẹ́jú 50 ní ọdún 1920 ti di ìṣẹ́jú 30 ní ọdún 1930, ó sì di ìṣẹ́jú 25 ní ọdún 1934, ọdún tí reluwé ìjọba náà fi iná mànàmáná sí ojú irin tirẹ̀ ní agbègbè náà. Ilé àwọn olówó àti ilé-ẹ̀kọ́ kún ẹ̀bá òkè náà. Láàárín òkè àti etíkun, ojú irin mẹ́ta wá ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá èrò èkejì.

Ọjà ní Ìdí Ọkọ̀

Ìpele kẹta nínú iṣẹ́ Hankyu ni ọjà. Umeda ni gbogbo èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì pọ̀ ju ti ọjà èyíkéyìí lọ. Ní ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ náà kọ́ ilé alájà márùn-ún sí ibẹ̀. Ó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ háyà fún Shirokiya, ilé ìtajà ọlọ́jọ́ pípẹ́ láti Tokyo, òun fúnra rẹ̀ sì ṣí ilé oúnjẹ sí òkè rẹ̀. Ìdí tí ó fi kọ́kọ́ fi àyè náà háyà ni pé kò mọ iṣẹ́ ọjà títà. Nígbà tí ó ti wo bí ọjà ṣe ń tà fún ọdún bíi mélòó kan, ó gba àyè náà padà ní ọdún 1925, ó sì ṣí ọjà tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹrin, ọdún 1929, ilé ìtajà ńlá Hankyu ṣí nínú ilé alájà mẹ́jọ. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn aláṣọ àtijọ́ tí wọ́n ti ń ta kìmónò láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni ó máa ń ní ilé ìtajà ńlá ní Jàpáànù. Ilé-iṣẹ́ reluwé tí ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìdí ọkọ̀ jẹ́ ohun tuntun. Owó tí àwọn yòókù ń ná láti fi ọkọ̀ gbé oníbàárà wá sí ilé ìtajà wọn, Hankyu kò ná an, nítorí pé oníbàárà rẹ̀ ń san owó ọkọ̀ fún un kí ó tó dé ibẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ó lè ta ọjà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó.

Ìtàn kan nípa ilé oúnjẹ náà fi ọgbọ́n yìí hàn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, àwọn kan ń wá sí ibẹ̀, wọ́n ń ra ìrẹsì funfun lásán, wọ́n ń da sọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ orí tábìlì sí i, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ lé wọn. Kobayashi ní kí wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò ní lónìí yóò ṣe ìgbéyàwó, yóò bímọ, yóò sì rántí ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa.

Ogun àti Ọwọ́ Ìjọba

Àwòkọ́ṣe Hankyu dé Tokyo. Goto Keita, tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ reluwé, ni Kobayashi dámọ̀ràn fún àwọn tí ń kọ́ ìlú ọlọ́gbà lẹ́yìn odi Tokyo. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1923 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní àárín ìlú náà, ojú irin Goto sì ń dúró dè wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni Tokyu.

Ní ọdún 1940, Kobayashi di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ajé nínú ìjọba Konoe. Oníṣòwò tí kò fẹ́ kí ìjọba máa darí okòwò bọ́ sínú ìjọba tí ń múra ogun. Òun àti igbákejì rẹ̀, Kishi Nobusuke, tí ó gbà pé ìjọba gbọ́dọ̀ darí ọrọ̀ ajé, kò gbọ́ ara wọn yé. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1941. Ohun tí ó jọni lójú ni pé ètò ìjọba tí kò fẹ́ yìí kan náà ni ó mú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tóbi sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1943, lábẹ́ ìlànà àsìkò ogun, a da Hankyu àti Keihan, tí ń lọ sí Kyoto, pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tí Keihan padà dá dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 1949, ọ̀nà tuntun rẹ̀ tí ó yá jùlọ láàárín Osaka àti Kyoto kò bá a lọ. Ọwọ́ Hankyu ni ó wà títí di òní.

Ogun náà kò dá eré sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ìjọba ti gbọ̀ngàn Takarazuka. Ní ọdún 1945, bọ́ǹbù àwọn ará Amẹ́ríkà ba púpọ̀ jẹ́ ní Osaka àti Kobe. Lẹ́yìn ogun, Kobayashi tún ṣe mínísítà fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń ṣàkóso Jàpáànù tó fòfin dè é kúrò nínú iṣẹ́ ìlú nítorí ipò tí ó ti dì mú. Ní ọdún 1951 ni a tú u sílẹ̀ nínú ìdè yìí, ó sì kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1957.

Láti Ìgbà Àlàáfíà dé Ọdún 2006

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé ogun jẹ́ ìgbà tí ìlú ń gbòòrò. Ní Senri, ìjọba agbègbè Osaka ni ó kọ́ ìlú tuntun, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ reluwé. Hankyu sì fa ojú irin rẹ̀ dé ibẹ̀. Ní ibùdókọ̀ Kita-Senri, ní ọdún 1967, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò sí ẹnu ọ̀nà dípò òṣìṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Jàpáànù. Ní ọdún 1970, àfihàn àgbáyé tí ó wáyé ní agbègbè náà gba àlejò tí ó lé ní mílíọ̀nù 64. Ní ọdún 1973, wọ́n parí títún ibùdókọ̀ Umeda kọ́, ojú irin mẹ́sàn-án sì wà níbẹ̀, mẹ́ta fún Kobe, mẹ́ta fún Takarazuka, mẹ́ta fún Kyoto.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ohun tí ó ti ń pe èrò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù tí ilé-iṣẹ́ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1936 ni ó tà ní ọdún 1988. Ọgbà ìgbafẹ́ Takarazuka, tí ó dàgbà láti inú ilé ìwẹ̀ ọdún 1911, ni ó tì ní oṣù Kẹrin ọdún 2003. Ìdàgbàsókè mọ́tò àti àwọn ibi ìgbafẹ́ mìíràn ti mú kí ọgbà etí ojú irin má fi bẹ́ẹ̀ fa èrò mọ́.

Láàárín èyí ni ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1995 ṣẹlẹ̀, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 6,400. Ibùdókọ̀ Hankyu ní Itami wó lulẹ̀, ilé tí ó wà ní ibùdókọ̀ Sannomiya ní Kobe bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, afárá ojú irin náà sì wó ní ìhà Nishinomiya. Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, ọdún náà, nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìmìtìtì náà, ni gbogbo ọ̀nà Kobe padà ṣí. Ní àkókò yẹn, ẹni tí ó ti ń rò pé okòwò lásán ni reluwé rí i pé ìlú kò lè dìde láìsí i.

Ohun tí ó parí ìdíje ọlọ́jọ́ pípẹ́ náà wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Láti ọdún 2005, ẹgbẹ́ olùdókòwò kan tí Murakami Yoshiaki ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín-ìdókòwò Hanshin, títí ó fi lé ní ìdá 40 nínú 100. Ilẹ̀ àti ilé Hanshin níye lórí ju iye tí ọjà ìpín-ìdókòwò fi lé e lọ. Èyí ni olùdókòwò náà rí. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ etí ojú irin, tí ó ti jẹ́ agbára irú ilé-iṣẹ́ yìí, ti di ìdẹ fún ẹni tí kò fẹ́ wa ọkọ̀. Hanshin wá ààbò, abánidíje rẹ̀ ni ó sì gbà á. Hankyu ra ìpín-ìdókòwò náà ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, àwọn méjèèjì sì bọ́ sábẹ́ òrùlé kan, Hankyu Hanshin Holdings, ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹwàá, ọdún náà.

Àgbéyẹ̀wò

Ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí fi kọ́ni. Èkíní ni pé reluwé ń sọ ilẹ̀ di ohun iyebíye. Bí ẹlòmíràn bá ni ilẹ̀ náà, èrè rẹ̀ yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ sórí ojú irin. Hankyu rí i dájú pé ẹni tí ó la ọ̀nà ni ó jẹ èrè ọ̀nà. Bí a bá wò ó báyìí, ilé, eré àti ọjà kì í ṣe iṣẹ́ àfikún. Òpó tí ó gbé ojú irin ró ni wọ́n.

Èkejì ni pé ọgbọ́n náà kò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgbà ẹranko kùnà, odò ìlúwẹ̀ẹ́ kùnà, Arima kò ṣeé dé, iṣẹ́ ọjà títà sì ní láti di kíkọ́ lọ́wọ́ ayálégbé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwà àgbà ni Hankyu hù: ó wo ohun tí ó gbé e ṣubú, ó sì fi í ṣe ohun mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni pé ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó jẹ àǹfààní náà. Ilé Muromachi wà fún ẹni tí ó ní owó àsansílẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó dájú fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn obìnrin tí ń hun aṣọ ní ilé-iṣẹ́ òwú Osaka kò wà nínú wọn. Abẹ́ èéfín tí ìwé ilé-iṣẹ́ náà ń kẹ́dùn lé lórí ni wọ́n ṣẹ́ kù sí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ta ilé fún ènìyàn, tí ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, tí ó ta aṣọ fún un, tí ó sì dá a lára yá ní ọjọ́ ìsinmi, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di alágbàtọ́ rẹ̀. Àǹfààní wà níbẹ̀, àṣẹ lórí ìgbé ayé ẹni náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìkádìí

Ní ọdún 1907, ilé-iṣẹ́ yìí kò rí ẹni tí yóò ra ìdajì ìpín-ìdókòwò rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ kò lọ sí ibi tí èrò wà. Ní ọdún 2006, òun ni ó gba abánidíje rẹ̀ tí ó ní ìlú ńlá ní orí àti ìdí ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àìní èrò ni ó fi ipá mú un láti bí èrò. Ọ̀pọ̀ èrò tí Hanshin ní kò jẹ́ kí ó tètè rí ìdí láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mú ìtàn yìí bí oògùn tí yóò wo gbogbo reluwé sàn. Òfin ọdún 1906 tí ó fi àlàfo sílẹ̀, ilẹ̀ tí kò wọ́n, ìlú tí èéfín ti fẹ́ lé àwọn ará rẹ̀ jáde, àti àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù tí iye wọn ń pọ̀ sí i, gbogbo wọn pàdé ní àkókò kan náà. Ọgbọ́n Kobayashi ni pé ó rí i pé wọ́n ti pàdé. Àwọn ilé Muromachi kò dúró mọ́ bí a ṣe kọ́ wọn, ọgbà ìgbafẹ́ ti pa rẹ́, a sì ti ta ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n àdúgbò náà ṣì wà ní Ikeda, àwọn ọmọbìnrin Takarazuka ṣì ń kọrin, ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni ọkọ̀ aláwọ̀ obì ń kó àwọn olùgbé ibẹ̀ lọ sí Umeda.